Ọkọ̀ Ìje Nọ́ńbà 16 Tí Wọ́n Gbẹ́ fún Mi ní Òmù-Àrán

Ní ìparí oṣù kejì, mo gbé iṣẹ́ kan lọ bá bàbá agbẹ́gilére kan ní Òmù-Àrán, pé kí wọ́n bá mi fi igi gbẹ́ ọkọ̀ ìje àtijọ́ kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń sáré lórí rẹ̀, fún kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí a fi ń pàtẹ nǹkan ní kíláàsì ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlọrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a jọ ṣe àdéhùn rẹ̀; ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó gbà. Iṣẹ́ náà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n rí i sì ń béèrè bóyá kí àwọn náà gbé tiwọn lọ. Ìdáhùn mi kò ṣeé fi gbólóhùn kan sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Bàbá náà kò gbé pátákó kankan sí ẹnu ọ̀nà wọn, èmi náà kò sì ní kọ orúkọ wọn síhìn-ín, nítorí pé ẹjọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe pé kò sí káfíńtà ní Ìlọrin. Méjì ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pákó pẹlẹbẹ ni àwọn méjèèjì fẹ́ gé, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Àpótí tó ní táyà ni ìyẹn ìbá sì jẹ́. Ẹni tí yóò yọ ọkọ̀ náà jáde láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ni mo ń wá, gúúsù Kwara kò sì ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òsì-Ìlọrin ni Aréògún, àgbà agbẹ́gilére, ti jáde. Odò-Ọwà ni ìlú Bámgbóyè, ẹni tó tún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọnà igi ní Òmù-Àrán gan-an láyé ìjọba òyìnbó. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbẹ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́ ọn nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, nítorí náà n kò rò pé ọkọ̀ ìje yóò ba agbẹ́gilére ibẹ̀ lẹ́rù. Mo wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì Ọ̀fà lówùúrọ̀ Sátidé kan, a gba Ìdọ̀fián àti Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, mo sì bá Bàbá lábẹ́ ìbòrí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù. Wọ́n fi ojú sí àwòrán inú fóònù mi títí, wọ́n béèrè iye ẹni tó ń jókòó sínú ọkọ̀ náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá owó lé e: ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta náírà fún ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún fún ọ̀nà. Mo san ogójì lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ inú àwòrán náà ni Locomobile tí àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́ ń pè ní Old 16, nítorí nọ́ńbà 16 tí wọ́n kọ sí i lára. Ní Bridgeport, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é ní 1906, ẹnjiníà Andrew Riker ló sì darí iṣẹ́ rẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ tó lítà 16. Kí ẹni tó ń kà á lè fi ojú inú rí i: ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ Corolla tó ń ná ìgboro Ìlọrin kò ju lítà 1.8 lọ ní odindi, nígbà tó jẹ́ pé sílíńdà kan ṣoṣo nínú ti Locomobile yìí yóò gba epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà mẹ́rin tán láìkù. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1908, George Robertson fi í gba ife-ẹ̀yẹ Vanderbilt ní erékùṣù Long Island lẹ́bàá ìlú New York. Nǹkan bíi 415 kìlómítà ni ó sá, èyí tó jìnnà ju Ìlọrin sí Èkó lọ dáadáa, ìwọ̀n eré rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sì lé ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ Faransé ló ń gba ife náà: Panhard ní 1904, Darracq ní 1905 àti 1906. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà yóò gbà á.

Ní ti ọkọ̀, n kò lè fi ibi kankan bú iṣẹ́ Bàbá. Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n lò, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, ó fúyẹ́, kò sì sán. Gígùn rẹ̀ tó ọwọ́ mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Táyà iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: wọ́n gbẹ́ sípóòkì onígi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìgé e sọ́tọ̀ kúrò lára rìímù, ọ̀bẹ tó wọ àárín sípóòkì méjì náà kò sì ha ìkejì. Táǹkì epo roboto wà lẹ́yìn ìjókòó, táyà àpọ́jù méjì sì wà tí wọ́n fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ dè mọ́ ọn lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán. Ṣéènì tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo bẹ̀rù jù, torí pé ara ṣéènì méjì bíi ti kẹ̀kẹ́ ni agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń gbà dé táyà, kì í ṣe ara ọ̀pá irin lábẹ́ ọkọ̀ bíi ti òde òní. Bàbá kò fi igi ṣe é. Wọ́n lọ́ wáyà bàbà tín-ín-rín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ojú-ojú, wọ́n sì fi òòlù kékeré nà án títí tí ó fi tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ fèrèsé, yóò kọ mànà.

Àtúnṣe mẹ́ta ni a ṣe kí ó tó dára bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mọ́dígáàdì tí wọ́n ti gbẹ́ sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kẹta. Ọkọ̀ náà kò ní i, kò ní ilẹ̀kùn, kò sì ní gíláàsì iwájú. Ó ṣòro fún Bàbá láti gbà pé ènìyàn yóò sá irú eré bẹ́ẹ̀ kí atẹ́gùn àti òkúta máa lù ú lójú lásán, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́. Èkejì ni sítíárìn, tí wọ́n gbé sí apá òsì. Mo sọ fún wọn pé apá ọ̀tún ni ó yẹ kí ó wà, wọ́n sì dáhùn pé, “Tíṣà, ṣé apá òsì títì ni àwọn náà ń tọ̀ bíi tiwa láyé ìgbà kan ni?” Bàbá rántí pé apá òsì títì ni Nàìjíríà ń wa ọkọ̀ sí kí ìjọba tó yí i padà sí ọ̀tún ní oṣù kẹrin ọdún 1972. Mo ṣàlàyé pé apá ọ̀tún títì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń rìn láti ìgbà yẹn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn ṣì ń gbé sítíárìn sí ọ̀tún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n mi orí, wọ́n sì tún un gbẹ́.

Àtúnṣe kẹta ni ti ọkùnrin kejì. Ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú ọkọ̀ ìje láyé ìgbà náà, awakọ̀ àti mẹkáníìkì rẹ̀. Glenn Ethridge ló jókòó ti Robertson ní 1908. Bàbá ti gbẹ́ mẹkáníìkì náà bí èrò ọkọ̀, ó ká ọwọ́ lé orí itan bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Ẹni yẹn kì í ṣe èrò o. Òun ló ń fi ọwọ́ fún páǹpù kí epo lè máa dé ẹ́ńjìnnì, òun ló ń wẹ̀yìn kó lè sọ fún awakọ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, òun ló sì ń fò sílẹ̀ bí táyà bá bẹ́, táyà ìgbà náà kì í sì í pẹ́ bẹ́. Ní ọdún 1906 tí Joe Tracy wa irú Locomobile yìí gan-an, òun ló sá àyíká tó yá jù lọ, ṣùgbọ́n táyà kò jẹ́ kí ó rí ibì kan dé. Ní 1908 pàápàá, táyà tún bẹ́ mọ́ Robertson lẹ́sẹ̀ nígbà tí ìje ń parí lọ, bí wọ́n ṣe yára pààrọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ kí ọkọ̀ Isotta tó ń lé wọn má bá wọn. Nígbà tí Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún ère náà, wọ́n sì gbẹ́ òmíràn tó di páǹpù mú, wọ́n tún yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Orí àwọn ọkùnrin méjèèjì tóbi ju bó ti yẹ kí ó rí lórí irú ara bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí orí ère ìbejì. Mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni mo ń rí níbẹ̀.

Orí ọ̀nà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, wọ́n gbé pákó kan jáde fún mi tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn, tí ìlà funfun gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n ní òun ni ọ̀nà. Mo ní títì ọ̀dà ti ìwòyí nìyẹn, pé mo ti fi àwòrán tòótọ́ hàn wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, “Tíṣà, ọkọ̀ ni ènìyàn ń wò, ta ni yóò tẹjú mọ́ ilẹ̀?” Mo fèsì pé, “Bàbá, ẹ má bínú, mo san owó ilẹ̀ náà ni.” Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wọn nínú, kò sì dùn mọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n lójú tèmi ọ̀nà yẹn ni ìdajì ìtàn náà, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

William Kissam Vanderbilt Kejì, ẹni tí ife-ẹ̀yẹ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ló ṣe ọ̀nà náà. Ọlọ́rọ̀ ọmọ ọlọ́rọ̀ ni. Bàbá bàbá bàbá rẹ̀, Cornelius Vanderbilt, ló fi ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin kó ọrọ̀ ìdílé náà jọ. Eré ọkọ̀ ni William fẹ́ràn. Ní oṣù kìíní ọdún 1904, ó wa Mercedes létí òkun Daytona ní Florida, eré rẹ̀ sì tó 148 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá rí. Ọdún yẹn kan náà ló gbé ife fàdákà kalẹ̀ fún ìje tí wọ́n sá ní oṣù kẹwàá ní Long Island, lórí títì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbà lọ sọ́jà. Wọ́n da epo sójú títì kí eruku má baà gbé, wọ́n sì lẹ ìwé káàkiri pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba títì náà láti ìdájí títí di ọ̀sán, kí olúkúlùkù so ajá rẹ̀, kí ó sì ti adìẹ rẹ̀ mọ́lé. Ibi tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé yìí ni Bàbá ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tí wọ́n béèrè ẹni tó san owó adìẹ tó kú.

Kì í ṣe adìẹ nìkan ló kú. Mẹkáníìkì kan kú nínú ìje ti 1904. Ní 1906, ọkọ̀ pa òǹwòran kan, torí pé àárín títì gan-an ni èrò ń dúró sí, wọn yóò sì fò sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ti dé iwájú wọn tán. Ìje kò wáyé ní 1907. Ṣùgbọ́n ní 1906 yẹn, Vanderbilt àti àwọn ọlọ́rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti la ọ̀nà tí yóò jẹ́ ti ọkọ̀ nìkan, tí ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ kò ní bá wọn dé. Long Island Motor Parkway ni wọ́n pè é. Oṣù kẹfà ọdún 1908 ni wọ́n fọ́ ilẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, apá àkọ́kọ́ ti ṣeé sáré lé lórí, Robertson sì gba ibẹ̀ kọjá lọ gba ife, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ nínú àyíká ìje náà ṣì jẹ́ títì gbogboogbò. Ọdún 1908 yìí náà ni ojú irin láti Èkó wọ Ìlọrin, lẹ́yìn tó ti dé Òṣogbo ní 1907; mo máa ń kọ ọdún méjèèjì sójú pátákó pa pọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Kọnkéré ni ọ̀nà náà, wọ́n fi wáyà irin sí i nínú kí ó má baà là. Ní ìsépo, etí òde ga ju etí inú lọ, kí ọkọ̀ lè yà láìdẹ eré púpọ̀. Àwọn òpó kúkúrú tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Èyí tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé títì kankan kò dá a kọjá: níbikíbi tí títì mìíràn tàbí ojú irin bá ti fẹ́ pàdé rẹ̀, afárá ni wọ́n ṣe, afárá náà sì pé 65 nígbà tí ọ̀nà parí. Ní 1911 ó dé adágún Ronkonkoma, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 72 kìlómítà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò san dọ́là méjì lẹ́nu géètì. Owó ńlá ni, torí pé ní 1914, nígbà tí Henry Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là márùn-ún fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ayé ló gbọ́. Ilé tí agbowó ń gbé lẹ́nu géètì pàápàá, John Russell Pope ló ya àwòrán àwọn kan nínú wọn, ẹni tó wá ya ti ilé ìrántí Thomas Jefferson ní Washington lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ rántí tóògéètì ti wa kí ìjọba tó wó wọn ní 2004, ẹ mọ̀ pé kò sí ayàwòrán-ilé tó jìyà lórí wọn.

Ìje kò pẹ́ níbẹ̀. Harry Grant fi ọkọ̀ Alco gba ife ní 1909 àti 1910, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì méjì kú ní 1910, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì farapa, wọ́n bá gbé ìje náà kúrò ní Long Island lọ sí Savannah. Ọ̀nà ṣẹ́ kù, àwọn olówó sì ń fi í ṣe fàájì. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí, àwọn onífàyàwọ́ ọtí náà rí i lò lóru. Nígbà tó yá, ìjọba New York bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tó fẹ̀ jù ú lọ tí kò sì gba kọ́bọ̀, lábẹ́ ọwọ́ Robert Moses. Owó géètì já wá sí ogójì sẹ́ǹtì, síbẹ̀ kò sí oníbàárà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1938, ọjọ́ Àjíǹde, ni wọ́n tì í pa, ilé-iṣẹ́ náà sì fi ilẹ̀ rẹ̀ dí gbèsè owó orí fún ìjọba. Ní Queens, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè tí ọ̀nà náà gbà kọjá, apá kan rẹ̀ ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ní Nassau, òpó iná mànàmáná ló dúró sórí ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Suffolk, ó di títì lásán tó ṣì ń jẹ́ Motor Parkway. Ọkọ̀ Nọ́ńbà 16 wà ní àlàáfíà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Henry Ford ní Dearborn. Wọ́n tọ́jú ọkọ̀, wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀, ohun tí Bàbá sì fẹ́ fi pákó dúdú yẹn ṣe nìyẹn, bí mo ṣe sọ fún wọn lójú ara wọn.

Wọn kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, mo rí i pé wọ́n ti bẹ bíríkìlà àdúgbò wọn lọ́wẹ̀. Wọ́n gbé pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan kalẹ̀, wọ́n tẹ́ wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì da sìmẹ́ǹtì tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn lé e. Ó nípọn tó ìka ọwọ́ kan. Apá kan rẹ̀ sé díẹ̀, etí òde ga bó ti yẹ. Òpó méjìlá ni wọ́n gbẹ́, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Afárá nìkan ni kò sí, wọ́n ní owó mi kò lè ṣe é, mo sì gbà. Ojú sìmẹ́ǹtì náà kò dán. Ojú ọ̀bẹ bíríkìlà ṣì hàn lórí rẹ̀, ìyẹn sì wù mí ju kí wọ́n fi sáńpépà ha á lọ.

Bí wọ́n ṣe dì í ló bà á jẹ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ àti páálí kan ni wọ́n fi dì í, láìfi nǹkan rírọ̀ sí abẹ́ sìmẹ́ǹtì, nígbà tí ọkọ̀ sì fi máa wọ kòtò kẹta tàbí kẹrin lójú ọ̀nà, mo gbọ́ ìró rẹ̀ lórí itan mi. Ó là lójú kan ní ìbú, wáyà inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó pín sí méjì. Òpó méjì ṣẹ́. Mo pe Bàbá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀bi awakọ̀ ni. Mo ní ẹni tó di ẹrù ni mo mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, mo ní kí ó lọ, pàápàá bí ohun tó ní ẹsẹ̀, ọwọ́ tàbí táyà ni yóò gbẹ́. Kí ó tẹ àwòrán jáde sórí ìwé, kí ó má ṣe gbójú lé fóònù, kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún iye tí wọ́n bá dá fún un, kí ó sì mú tìmùtìmù tirẹ̀ dání lọ́jọ́ tí yóò gbé e. Owó ọkọ̀ náà kò wọ́n lójú mi. Ti ọ̀nà wọ́n títí di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Nínú ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ́ kù, mo ti san ogún. Márùn-ún yòókù wà lọ́wọ́ mi títí òpó méjì náà yóò fi dé, Bàbá sì ti ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti gbẹ́ wọn, pé kí n máa bọ̀ wá mú wọn ní Sátidé.